Rédíò Tó Ń Gbé Kùtọnu

Ó ti rẹ̀ mí kí Ṣàíbù tó dé. Mi ò sọ èyí láti fi gbèjà ara mi o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó, tó tún wá jẹ́ pé òun nìkan ló ní mítà tí a fi ń yẹ wáyà wò ládùúgbò, gbogbo ohun tó bá ti ní wáyà nínú ni wọn yóò máa gbé wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná. Fáànù tó ń kùn. Aago ògiri tí ọmọ já lulẹ̀. Kí n tó bọ́ bàtà lọ́jọ́ Sátidé, ẹnì kan á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á gbé rédíò lé itan, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ìyàwó mi, Oyèrónkẹ́, tiẹ̀ ní kí n kọ pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà pé mo ti kú.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, nínú oṣù kẹta ọdún 1988, ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí itan tèmi. Ogóje ìwé ni, ogún péré ni mo sì tíì máàkì. Ooru ń mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ ilẹ̀. Ìgbà náà ni Ṣàíbù wa Píjò akẹ́rù rẹ̀ wọlé, ó dá a dúró sábẹ́ igi máńgòrò.

Ará Ọjà-Ọ̀dàn ni Ṣàíbù, kò tíì pé ogójì ọdún. Gààrí àti àgbàdo ló máa ń kó káàkiri gbogbo Ẹ̀gbádò, láti ìlú dé abà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, irú ẹni tí kì í jókòó bí ẹ ò bá ní kó jókòó.

Ó kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, rédíò ọkọ̀ mi ò gbé Abẹ́òkúta mọ́. Mo sì ń retí ìkéde kan nípa bàbá mi."

Ó sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn pé ó sọ ọ́. Èmi ni mi ò béèrè pé kí ló ṣe bàbá. Ojú mi wà lára ìwé ọmọ kan tó kọ ìdáhùn mẹ́ta sí ìbéèrè kan ṣoṣo, tó wá ní kí n mú èyí tó bá wù mí.

Mo dìde, mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, mo tan rédíò. Ilé rédíò Kùtọnu, lódìkejì ẹnubodè, ló kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin kan ń ka ìròyìn ní èdè Faransé, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo ní ṣebí ó ti tán nìyẹn. Níhà ọ̀dọ̀ wa níbí, bí a ṣe ń yẹ rédíò wò nìyẹn. Kò sí atúnrédíò kan láti Ìlaròó títí dé ẹnubodè tí kì í fi Kùtọnu dán ẹ̀rọ wò, nítorí Kùtọnu kì í sinmi, àárọ̀, ọ̀sán, òru. Àwọn ọmọ wa ń kọ orin ìpolówó ọṣẹ ní Faransé, wọn ò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ ni pé bó bá ti gbé Kùtọnu, ara rẹ̀ le.

Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mi ò jókòó. Mítà mi wà nínú ilé, mi ò wọlé lọ mú un.

Mo ní, "Rédíò rẹ ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará Abẹ́òkúta ni kò sí lórí afẹ́fẹ́. Bóyá iná ni wọn ò ní. Máa gbọ́ ọ lọ, wọn á padà dé."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ó dáhùn. "Ọkàn mi balẹ̀ báyìí."

Mo padà sídìí ìwé mi. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ náà kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó pé ọjọ́ kẹjọ géérégé kó tó padà wá, Sátidé mìíràn, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Mo rí ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì pòṣé. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé aṣọ tó wọ̀ wá níjọ́sí ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ ti ha. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú díẹ̀ kó tó lè nàró dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo tún dé. Abẹ́òkúta yẹn ò tíì wọlé."

"Kí lo fẹ́ fi Abẹ́òkúta ṣe gan-an?" Ìkanra ni mo fi bi í.

Kò fi ìkanra dá mi lóhùn. Ó ní bàbá òun ni. Bàbá òun sọnù.

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, ó sì rò ó fún mi. Bàbá Yésúfù ni gbogbo Ọjà-Ọ̀dàn ń pe bàbá rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìgbàgbé sì ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti bí ọdún méjì. Nígbà mìíràn á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ìyá Ṣàíbù pamọ́ dè é, bẹ́ẹ̀ ìyá Ṣàíbù ti kú. Ní ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bàbá jáde lọ kírun àsárì, kò sì padà wálé. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Wọ́n ti lọ kéde rẹ̀ ní rédíò Abẹ́òkúta: Bàbá Yésúfù, bùbá funfun, fìlà aláwọ̀ ewé, ẹni tó bá rí i kó fi tó àwọn ọlọ́pàá létí tàbí kó wá sọ ní ilé rédíò. Bí ẹnì kan bá sì rí i, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ka irú rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́.

"Ṣé kò sí rédíò nílé ni?"

"Ó wà. Hùmúàní ìyàwó mi ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó ní kò sí nǹkan kan nípa Bàbá. Àmọ́ inú ọkọ̀ ni mò ń sùn, mò ń wá a kiri. Etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Mo wọlé, mo gbé rédíò kékeré tí Oyèrónkẹ́ ń gbọ́ nídìí ààrò, mo gbé e lé orí ọkọ̀ Ṣàíbù, mo sì yí i sí Abẹ́òkúta. Orin wọlé, ó ń dún ketekete. Mo yí ti ọkọ̀ sí ojú kan náà. Ariwo lásán ni mo bá níbẹ̀, híìì, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Ṣàíbù wo rédíò kékeré náà, ó wá wo tirẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo lọ mú mítà wá. Mo ti àga iwájú sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, mo sì tú rédíò kúrò nínú ihò rẹ̀. Mo yí i padà sí Kùtọnu, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fa wáyà éríà, èyí tó ń bá rédíò fa ohùn láti inú afẹ́fẹ́, yọ pátápátá lẹ́yìn rédíò. Bí éríà bá ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ti fà á yọ, ohùn gbọ́dọ̀ relẹ̀, ó sì lè kú pátápátá. Ọkùnrin Kùtọnu náà ń bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Mo ki wáyà náà bọ̀ ọ́ padà, mo tún fà á yọ. Ohùn kan náà ni.

Ṣàíbù bi mí pé, "Kí ni ìyẹn ń wí, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní ọ̀pá éríà tó dúró ṣánṣán níwájú ọkọ̀ rẹ̀ yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Rédíò náà kò fi gbọ́ nǹkan kan. Agbára Kùtọnu pọ̀ débi pé ó ń wọlé láìsí éríà rárá, ó ń gba ara ọkọ̀ wọlé. Abẹ́òkúta ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, ó dìgbà tí éríà bá fà á wá. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ara mi. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà mí láti mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kìíní.

Ó béèrè pé, "Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí mo ti wá yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan?"

"O ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó mi orí. Mo wá wáyà kan tó gùn tó ọ̀pá méjì nínú àpótí mi, mo bó o lórí, mo ki ẹnu rẹ̀ kan sínú ihò éríà lẹ́yìn rédíò, mo sì gbé ẹnu kejì gba ojú fèrèsé, mo fi kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Abẹ́òkúta bú jáde láìròtẹ́lẹ̀. A jùmọ̀ ta gìrì. Rédíò kò ní àrùn kankan, éríà ló lẹ́jọ́.

Aago mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo fi rédíò náà sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, mo ní kí Ṣàíbù jókòó tì í, èmi wá ń wá ojú ibi tó ti bàjẹ́. Mo fi ọ̀kan nínú ọwọ́ mítà kan ẹsẹ̀ ọ̀pá éríà, mo fi èkejì kan imú wáyà tó wọ rédíò. Abẹ́rẹ́ mítà kò mira. Wáyà náà ti já níbì kan láàárín méjèèjì. Mo tẹ̀ lé e láti inú ọkọ̀ bọ́ sábẹ́ páànù táyà iwájú, níbi tí ara ọkọ̀ náà ti tẹ̀, tí ẹnì kan sì ti fi òòlù nà án padà.

"Ṣé o kọ lu nǹkan ni?" mo bi í láti abẹ́ táyà.

"Mo fi gbá igi lójú ọ̀nà Ajílété. Ọjọ́ kejì tí Bàbá sọnù ni. Oorun ń kùn mí."

Ibẹ̀ náà ni. Páànù ti jẹ wáyà náà lójú kan, omi òjò ọdún tó kọjá ti ń wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Mo fi èékánná kàn án, ó já sí mi lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ pe Ṣàíbù pé kó wá wò ó nígbà tí orin dákẹ́ tí akéde bẹ̀rẹ̀.

Òkú ni wọ́n kọ́kọ́ kéde, òkú mẹ́ta tẹ̀ léra, pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti àna àti àwọn tó wà lókè òkun. Lẹ́yìn náà ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ewúrẹ́ tó sọnù. Mo ṣì dùbúlẹ̀ sábẹ́ táyà, mo di wáyà tó já náà mú.

Akéde ní, "Bàbá arúgbó kan wà lọ́dọ̀ Màmá Jẹ̀mílátù, nítòsí ẹbu tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní Ìmáṣàyí. Ó ní Ọ̀jẹ̀túndé ni orúkọ òun. Kò rántí ìlú rẹ̀. Ó ní òun bí ọmọkùnrin kan, Àjàní, pé Àjàní ń bọ̀ wá mú òun. Bí Àjàní bá ń gbọ́, kó tètè wá. Ìgbà keje rèé tí a ó kéde ọ̀rọ̀ yìí, òun náà sì ni ìgbà ìkẹyìn."

Mi ò fi etí sí i dáadáa. Bàbá Yésúfù ni èmi ń retí. Nígbà tí mo yọ orí jáde, mo rí Ṣàíbù tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi nìyẹn," ó wí. "Èmi ni Àjàní, oríkì tó fi ń pè mí nìyẹn."

Ilé eléégún ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, Ọ̀jẹ̀túndé sì ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọdé ni nígbà tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó di Yésúfù, láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lóko, ló sọ ọ́ fún Ṣàíbù, kò sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

"Ṣé Hùmúàní ò mọ orúkọ yẹn rárá ni?"

"Báwo ni á ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ìyàwó ilé á máa pe orúkọ bàbá ọkọ ni? Bàbá ló ń pè é. Àwọn Àjàní tó wà ní Ọjà-Ọ̀dàn nìkan, wọ́n á kún ọkọ̀ yìí. Yóò ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje, kó sì máa bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ."

Mo kà á padà sẹ́yìn lọ́kàn mi. Ọjọ́ kejì tí mo sọ fún un pé rédíò rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pè é. Nínú gbogbo Ẹ̀gbádò, ẹnì kan ṣoṣo ni ìkéde yẹn lè yé, etí ẹni náà gan-an ni mo sì dí.

Mo wọnú ọkọ̀ tì í. Mi ò wọ bàtà, mi ò sì dá Oyèrónkẹ́ lóhùn nígbà tó ń béèrè ibi tí mò ń lọ. Ojú ọ̀nà burú, Ṣàíbù sì ń sáré. A ti kọjá ìlú kan tàbí méjì nígbà tí mo sọ fún un pé:

"Ṣàíbù, èmi ni mo fa èyí. O sọ fún mi, mi ò gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Ó ní òun ti la Ìmáṣàyí kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Òun dúró ní mọ́ṣáláṣí, òun dúró ní gárèèjì, òun ń béèrè Bàbá Yésúfù, wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun tiẹ̀ ra omi mu níbẹ̀ ní ọjọ́rú.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a dé ilé Màmá Jẹ̀mílátù. Obìnrin àgbà ni, epo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ṣàíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ìwọ ni Àjàní?"

"Èmi ni, Mà."

"A pè ọ́ títí." Kò ní kó dìde. "Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, bó bá ti di aago mẹ́rin, á wẹ̀, á dé fìlà, á jókòó síwájú ilé, a ó gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn tán, á ní, 'Àjàní ti gbọ́ báyìí o. Ẹ máa wo ọ̀nà.' Gbogbo wa á sì máa wo ọ̀nà, tọmọdé tàgbà. Ní Ọjọ́bọ̀ ló ní kí n gbé rédíò kúrò lọ́dọ̀ òun. Láti ìgbà náà kò dárúkọ ọmọ mọ́."

Ẹ̀yìnkùlé ni a ti bá bàbá, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Ó ti rù. Ṣàíbù kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Bàbá, èmi ni. Àjàní ni."

Bàbá wò ó, ó wò ó pẹ́. "Rárá," ó wí, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àlejò. "Àjàní ò wá. Wọ́n pè é, wọ́n pè é, ó rẹ àwọn tó ń pè é. Bóyá iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Ọmọ dáadáa ni. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, sọ fún un pé mi ò bínú."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú bàbá, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ yín ń wá yín tọ̀sán tòru, ọ̀rọ̀ náà ni kò dé etí rẹ̀. Ẹ wò mí, àgbà ọkùnrin láìwọ bàtà, mò ń ṣàlàyé éríà àti wáyà tó já àti Kùtọnu fún arúgbó tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì mú ẹ̀gúsí mìíràn.

Ṣàíbù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo rò pé á tún bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó rẹ òun náà. Ó dìde, ó ṣe bí awakọ̀ ṣe ń ṣe ní gárèèjì, ó ní:

"Bàbá, awakọ̀ ni mí. Mo lè gbé yín lọ sọ́dọ̀ Àjàní."

"Ṣé o mọ ilé rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Bàbá gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Jẹ̀mílátù, ó súre fún ilé náà, ó béèrè fìlà rẹ̀. A fi í jókòó sáàárín wa níwájú. Èmi ni mo fa wáyà tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn wọlé, tí mo ká a mọ́ ọwọ́ mi, tí mo sì pa rédíò náà.

Bàbá wo ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ rẹ̀ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"O ṣeun, awakọ̀," ó wí. "O ò mọ̀ mí rí, o sì ń ṣe wàhálà mi. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, bí ìwọ náà bá pe àwọn ọmọ tìrẹ, wọn á gbọ́, wọn á sì tètè wá."

"Àmín, sà," ni Ṣàíbù wí, ó sì ṣíná sí ọkọ̀.